Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Tí Kì Í Fẹ́ Rọra

Ilé Alájà Kan,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Akankọ̀,
Òdìkejì Odò.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà, 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Èbúté,
Ọ́fíìsì Orí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹnu Èbúté.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ TÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ ỌKỌ̀ MI SÍLẸ̀, ÀTI ÀLÀYÉ LÓRÍ FÌLÀ Ọ̀GÁ AYẸ̀WÒ

1. Èmi ni atukọ̀ tí ó ń gbé èrò kọjá odò láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí gbogbo èbúté mọ̀ sí Ìyá Ọlọ́kọ̀. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ ìwé yìí nítorí ẹ́ńjìnnì mi tí àwọn òṣìṣẹ́ yín tú kúrò nídìí ọkọ̀, tí wọ́n sì gbé lọ sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì yín.

2. Ẹ́ńjìnnì náà ti dàgbà, n kò ní parọ́. Ọkọ mi ti rà á kí ó tó fẹ́ mi, nítorí náà ìyálé mi ni. Bí ó bá ń sáré, ẹ́ńjìnnì tuntun kan kò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìrọra ni kò mọ̀. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílò, ìyẹn kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìkú nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró, ti kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá. Bí a bá ti dín eré rẹ̀ kù, yóò gbọ̀n, yóò sín, yóò kú.

3. Ọ̀rọ̀ náà kò di wàhálà títí Ìgbìmọ̀ yín fi lẹ àṣẹ mọ́ ògiri pé kí ọkọ̀ kankan má ṣe sáré mọ́ nítòsí èbúté, nítorí pé ìgbì ń ta omi wọ ọ́fíìsì ìsàlẹ̀. Àṣẹ tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sáré dé, ẹ̀sùn eré àsápajúdé ni. Bí mo bá rọra, ẹ́ńjìnnì á kú, ọkọ̀ á dábùú ẹnu èbúté, ó di ẹ̀sùn ìdíwọ́. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

4. Ẹ má ṣe rò pé mo káwọ́ lẹ́rán. Mo pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì. Mo da epo inú táǹkì nù nítorí pé ó ti pẹ́, mo sì fọ táǹkì náà. Mo yẹ páìpù epo wò bóyá ó ń fa afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì èbúté wá yí ìdè kékeré tó ń ṣàkóso sílò sókè, ó ní ó ti parí. Lóòótọ́ kò kú mọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ki jíà bọ̀ ọ́ báyìí, ọkọ̀ fò síwájú bí ewúrẹ́ tó já okùn, bàbá arúgbó kan sì bá ara rẹ̀ lórí itan obìnrin aránṣọ kan. Aránṣọ kò bínú. Ṣùgbọ́n ìyàwó bàbá náà wà nínú ọkọ̀. Kí ilé onílé má baà tú, mo ní kí mẹkáníìkì dá ìdè rẹ̀ padà síbi tó wà.

5. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gá Ayẹ̀wò yín wọ ọkọ̀ mi láti wá fojú ara rẹ̀ rí i. Agbẹ̀bí wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ aboyún kan tó ti ń rọbí. Aránṣọ wà níbẹ̀, olùkọ́ kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí a dé àárín odò, Ọ̀gá Ayẹ̀wò ní kí n dín eré kù. Mo ṣàlàyé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, òfin ò mọ ẹ́ńjìnnì àgbà. Ẹ rọra." Mo rọra. Ẹ́ńjìnnì kú. Mo fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro mí, kò dáhùn. Mo mú àjẹ̀, ṣùgbọ́n omi lágbára jù mí lọ. Ó gbé wa wọ inú koríko etí odò, a sì há síbẹ̀.

6. Níbẹ̀ ni gbogbo èrò ti di mẹkáníìkì. Olùkọ́ ní omi ló wọ inú epo. Aránṣọ ní ó jọ pé ẹnì kan ló ṣẹ ẹ́ńjìnnì náà. Agbẹ̀bí ní kí oníkálukú panu mọ́, ọmọ tó ń bọ̀ kò ní dúró dè wá. Mo wá pinnu láti tú kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì, ohun kan ṣoṣo tí n kò tíì fọwọ́ kàn, nítorí ìbẹ̀rù pé àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ lè bọ́ sómi. N kò rí àwo tí n ó kó wọn sí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ojú mi bọ́ sórí fìlà iṣẹ́ Ọ̀gá Ayẹ̀wò. Mo fi ọ̀wọ̀ tọrọ rẹ̀. Kó tó la ẹnu, agbẹ̀bí ti ṣí i lórí rẹ̀. Kí òtítọ́ má baà sọnù: èmi ni mo tọrọ, agbẹ̀bí ló mú un.

7. Ihò tín-ín-rín kan wà nínú kábúrétọ̀ tí epo ń gbà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe jẹ́jẹ́. Epo tó ti gbó ti dì síbẹ̀ bí oje igi. Aránṣọ fún mi ní òwú ọ̀rá láti inú àpò rẹ̀. Mo fi epo tuntun rẹ ihò náà, mo ki òwú bọ̀ ọ́, Ọ̀gá Ayẹ̀wò fúnra rẹ̀ sì fi ẹnu fẹ́ ẹ títí ẹrẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú. Mo tò ó padà, mo fa okùn, ó dáhùn. Mo dín eré kù. Kò kú. Ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó jẹun yó. Gbogbo wa pariwo; Ọ̀gá Ayẹ̀wò dì mọ́ olùkọ́, ẹni tí kò mọ̀ rí. A gúnlẹ̀ láìta omi sí ẹnikẹ́ni lára. Agbẹ̀bí bá aboyún náà lórí ìkúnlẹ̀, obìnrin náà sì sọ̀ kalẹ̀ ní àyọ̀, tìyá tọmọ.

8. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ yín wá gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ. Akọ̀wé tó ń tọ́jú aṣọ iṣẹ́ ló fẹjọ́ sùn pé mo ba fìlà ìjọba jẹ́. Òórùn epo wà lára fìlà náà, n kò jiyàn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀rí ni, kò gbọdọ̀ kan omi. Ẹ̀yin Ọ̀gá, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ́ńjìnnì nínú èyí?

9. Láti ìgbà náà ni àwọn èrò ti ń fẹsẹ̀ rìn yípo gba orí afárá. Obìnrin kan ti bímọ kí agbẹ̀bí tó dé. Ọlọ́run ló kó o yọ, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹ̀yin. Ní ti ọkọ mi, kò rí ẹ́ńjìnnì bá wí mọ́, èmi ló wá gbájú mọ́.

10. Òdìkejì odò ni Ọ̀gá Ayẹ̀wò náà ń gbé. Nítorí pé ọ̀nà afárá jìn, orí tábìlì ọ́fíìsì yín ló ń sùn, ìyàwó rẹ̀ kò sì gbà pé orí tábìlì ni. Ìyàwó náà wá bá mi nílé lánàá, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fún yín ní ẹ́ńjìnnì yín, kí n lè rí ọkọ mi gbà."

11. Mo bẹ Ìgbìmọ̀ yín kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀. Mo ṣetán láti fi fìlà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wá wọ ọkọ̀ mi, ẹ jókòó ti ẹ́ńjìnnì, kí n rọra lójú yín láàárín odò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fèsì. Ìyàwó Ọ̀gá Ayẹ̀wò ló fẹsẹ̀ rìn mú ìwé yìí wá, ó sì ti búra pé òun kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà yín àfi bí òun bá gba ọ̀kan dání lọ sílé: ẹ́ńjìnnì tàbí ọkọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí yín létí omi,

Ìyá Ọlọ́kọ̀,
Atukọ̀ Èrò.