Wáyà Tó Wà Lórí Ìṣó

Bàbá mi, Oníwáyà Ajah,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kàn ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti àárọ̀, mo ti jókòó sídìí tábìlì yín lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì ti dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo gbá ṣọ́ọ̀bù tán, mo tún un gbá. Mo wo fóònù, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo tún ṣí i. Bí àwọn tírélà tó ń lọ sọ́nà Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí bá ti kọjá tí ilẹ̀ mì, èmi náà á fò dìde bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń wá bọ̀. Ìdí mi ò gba ìjókòó. Mo wá ní kí n kọ̀wé sí yín, torí ẹ̀yin nìkan lẹ ò ní sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Màmá ti padà sí Eleko, sílé bàbá wọn. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ òkun dáa fún orúnkún wọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àga yín tó ṣófo ní pálọ̀ ni wọn ò lè máa wò. Okùn tí ẹ ta fún wọn láti máa fi sá aṣọ ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Wáyà gìtá gidi, èyí tí wọ́n fi ń so gìtá mọ́ sípíkà! Ta ló tún ń sá aṣọ sórí wáyà gìtá ní gbogbo Ajah? Ibi okùn aṣọ yẹn sì ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń na ìṣó tó ti tẹ̀ kí ẹ lè tún un lò, tí ẹ máa ń fọ ọ̀rá búrẹ́dì sá, ẹ̀yin yìí kan náà lẹ máa ń gé odindi apá kan kúrò lórí rólù wáyà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti èjìká títí dé ọmọ ìka. Ẹ ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó gé e, ẹ ó jù ú sínú agolo. Bí àwọn tí ẹ gé bá ti pọ̀, ẹ ó so wọ́n pọ̀ fún Màmá. Bí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ ó tan àbẹ́là, ẹ ó kán an sí ẹnu rólù títí ẹnu rẹ̀ á fi dí. Ẹ máa ń sọ pé òkun ò jìnnà sí wa, pé iyọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa ń gba ẹnu wáyà wọlé, á sì máa rìn lábẹ́ rọ́bà, á máa jẹ kọ́pà níbi tí ojú ò ti tó o. Mo ní àṣejù ni. Mo ní ẹ ti sọ wáyà di ọmọ ìkókó.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mi ò gé apá mọ́. Mi ò tan àbẹ́là. Ẹ má bínú, mo rò pé mo gbọ́n jù yín lọ ni.

Lóṣù tó kọjá, Ọ̀gá Ṣẹ́gun wá. Ọ̀gá Ṣẹ́gun onígìtá, oníbàárà yín àtijọ́, tí wọ́n máa ń ní wáyà yín nìkan ni kò dójú ti àwọn lórí ìtàgé rí. Láti ọjọ́ ìsìnkú yín, wọn ò yà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo mọ̀ pé ṣe ni wọ́n ń wò ó bóyá iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fẹ́ wáyà mẹ́jọ, torí béńdì wọn ń rìnrìn-àjò: Kútọnu, Lòmé, Gánà, kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú lọ sókè òkun. Bàbá mi, inú mi dùn débi pé mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù lémi nìkan. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wáyà bẹ́ẹ̀ máa ń rí. Wọ́n á fà á káàkiri ìtàgé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á jù ú sínú búùtù mọ́tò lójoojúmọ́. Bó bá ké krà lẹ́ẹ̀kan péré láàárín orin, gbogbo èrò ló máa gbọ́, onígìtá lojú sì máa tì, kì í ṣe èmi tí mo ṣe é.

Rólù tí ẹ fi sílẹ̀ ni mo lò. Mo ti ń gé e díẹ̀díẹ̀ fún iṣẹ́ kéékèèké, mi ò sì dí ẹnu rẹ̀ rí, títí òjò ọdún yìí fi rọ̀ bá a bẹ́ẹ̀. Mo gé ègé kan tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi kúrò kí ẹnu rẹ̀ lè dọ́gba, mo jù ú sínú agolo yín. Nígbà tí mo wá bó rọ́bà wáyà àkọ́kọ́, kọ́pà rẹ̀ ṣú díẹ̀. Mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín, mo rí i. Mo fi ọ̀bẹ ha á títí ó fi dán, mo yọ́ òjé sí i, mo jó o mọ́ jáàkì, irin ẹnu wáyà tí wọ́n ń kì bọ gìtá, ó sì dùn ún wò. Àwọn méje yòókù ò ṣú. Lọ́jọ́ Ajé, mo kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ fún Ọ̀gá Ṣẹ́gun, wọ́n sì gbàdúrà fún mi títí ẹnu mi fi rẹ̀ ní àmín.

Lọ́jọ́rú, Màmá fi rédíò wọn ránṣẹ́ láti Eleko, ẹ̀rìàlì rẹ̀ ti kán. Mo wá ohun tí mo lè fi so ó nínú agolo, ègé yẹn lọwọ́ mi sì bà. Mo bó o láti orí dé ìdí. Ó dúdú bí èédú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan, gbogbo inú rẹ̀ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó kán. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èyí tí mo fi ọ̀bẹ ha ti kú láti inú, àti pé bí wọ́n bá ti ká a bíi mélòó kan, ó máa já. Ṣùgbọ́n èwo ni? Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló dúdú bákan náà lóde, wọ́n sì dán bákan náà. Àárọ̀ Sátidé sì ni béńdì máa gbéra.

Ọjọ́bọ̀, mi ò ṣe nǹkan kan tó lórúkọ. Mo rìn dé abẹ́ bíríìjì Ajah, mo padà, mo tún rìn lọ. Mo ní bóyá kò ní ké. Mo ní kò sí wáyà ayé tí kì í ké lọ́jọ́ kan. Mo ní bí mo bá sọ, Ọ̀gá Ṣẹ́gun ò ní padà wá mọ́, gbogbo onígìtá láti Lẹ́kkí dé Eleko á sì gbọ́ pé ọmọ Oníwáyà ò mọ iṣẹ́. Bí mi ò bá wá sọ ńkọ́? Iwájú àjèjì lojú á ti tì wọ́n, orúkọ yín sì ni wọ́n á dá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lè dé Gánà.

Láàárọ̀ àná tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, mo ya ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Mo ranjú mọ́ wáyà tó wà lórí ìṣó lókè tábìlì, èyí tí ẹ ṣe kẹ́yìn kí àìsàn tó dá yín wólẹ̀. Ẹ ò tà á, ẹ ò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ lọ, mo ní èmi lẹ fi í sílẹ̀ fún. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń nù ún. Mo wá pinnu pé màá mú un lọ fún Ọ̀gá Ṣẹ́gun bí ẹ̀bùn, kí wọ́n lè máa fi ta gìtá tiwọn. Bí èyí tó ti kú bá wá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú béńdì, ìyẹn ò kàn mí. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń rò lọ́kàn.

Mo tú jáàkì rẹ̀ kí n lè nù ún nínú. Bàbá mi! Òjé ibẹ̀ rí págunpàgun. Ó ti ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná ti jó rọ́bà, ó sì hàn pé ẹ jó o, ẹ tún un jó, ẹ tún un jó. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń jókòó sídìí tábìlì yìí nígbà yẹn?

Mo jókòó. Láti Ọjọ́rú, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lè jókòó pẹ́ nìyẹn. Mo rántí bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì. Mo rántí bí ẹ ṣe ní kí n wá máa bá yín jó òjé, pé ojú ń dùn yín. Ojú kọ́. Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n. Láti ìgbà wo? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àbí ẹ rò pé màá fi yín rẹ́rìn-ín bí mo ṣe fi àbẹ́là yín rẹ́rìn-ín? Mo bínú sí yín gan-an. Mo sunkún, mo sì tún ń bínú bí mo ṣe ń sunkún. Wáyà tí mo ń nù bí ohun ìrántí, èyí tí ẹ kọ̀ láti jẹ́ kó jáde ni. Kò dáa tó lójú yín, ẹ wá gbé e kọ́ síbi tí ẹ ó ti máa rí i lójoojúmọ́.

Mo dá a padà sórí ìṣó. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Thomas Estate, níbi tí béńdì ti ń ṣe ríhásà.

“Ọmọ Oníwáyà, how far? Ṣé kò sí o?” ni Ọ̀gá Ṣẹ́gun wí.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀kan nínú àwọn wáyà yẹn ò dáa. Mi ò mọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀bi mi ni.”

Ẹ̀rín kú lójú wọn. “Tomorrow morning la fẹ́ move o! Ṣé o ń bá mi ṣeré ni?”

Wọ́n ní ká kọ́kọ́ gbọ́ ọ. A kì wọ́n mọ́ sípíkà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ̀n wọ́n, wọ́n fà wọ́n, kò sí èyí tó ké. “Ṣó o rí i? Gbogbo ẹ̀ clean. Máa lọ jàre, o ti stress ara ẹ jù.” Bàbá mi, ọ̀nà ti là fún mi láti máa lọ sílé. Ẹsẹ̀ mi tiẹ̀ ti ń múra. Ṣùgbọ́n mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo tú jáàkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìkẹfà, mo rí àpá ọ̀bẹ mi lára kọ́pà. Kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀, mo fi ẹ̀mú gé e sí méjì, mo na ẹnu rẹ̀ sí Ọ̀gá Ṣẹ́gun. Ó dúdú.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá ní, “Bàbá ẹ á ti rí i kó tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù.”

Ó dùn mí wọ egungun. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ti wáyà orí ìṣó fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọwọ́ tiyín náà ti ṣàṣìṣe rí. Mo gbé e mì. Mo kàn ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti tó mọ̀ pé òótọ́ gan-an ni wọ́n sọ. Ẹ rí tiyín kó tó jáde.

Mo délé, mo gé odindi apá kan kúrò lórí rólù. Mo bó o, ó tún ti ń ṣú, torí mi ò dí ẹnu rólù lẹ́yìn tí mo gé mẹ́jọ yẹn. Mo gé apá kejì, kọ́pà wá pupa bó ṣe yẹ. Mo ṣe ọ̀kan tuntun, mo fi àbẹ́là dí ẹnu rólù, mo sì gbé wáyà náà lọ kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀gá Ṣẹ́gun gbà á, wọ́n ká a. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì gbàdúrà fún mi.

Wọ́n gbéra láàárọ̀ yìí. Wọ́n á ti wà ní Kútọnu báyìí. Fóònù ò dún. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tí wáyà rẹ̀ bá dáa, ta ló ń rántí rẹ̀? Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà mi ló dáa ni wọn ò ṣe pè, àbí wọ́n ti pa mí tì? Ṣé bó ṣe máa ń ṣe ẹ̀yin náà nìyí, tí ẹ kì í fi í lè jẹun tán láìdìde? Màmá máa ń ní kòkòrò ló wà nínú àga yín. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo fóònù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò dún.

Mi ò tún òjé yín jó. Bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ náà ló ṣe máa wà. Mo wá ìṣó kan tó ti tẹ̀ nínú agolo, mo nà án títí ó fi tọ́, mo kàn án sí ẹ̀gbẹ́ tiyín. Ìdajì wáyà tí mo gé sí méjì níwájú Ọ̀gá Ṣẹ́gun ni mo gbé kọ́ sórí rẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí òórùn òjé ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.