Ìdí Tí N Kò Fi Tíì Wá Wo Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú yó? Ẹni tó fi í fún wa kò ní gbà á lọ́wọ́ wa. Àwa náà wà. Orúnkún bàbá rẹ ti ń gbé wọn rìn díẹ̀díẹ̀, adìyẹ tó o fi sílẹ̀ sì ti pa ọmọ mẹ́sàn-án.

Mo gbọ́ ohun tó o sọ fún bàbá rẹ lórí fóònù, pé ó ti pé oṣù mẹ́ta tó o bímọ, n kò yọjú, àfi bí ẹni pé mo ń bá ọkọ rẹ bínú. Ọkọ rẹ kò ṣẹ̀ mí. Ìtọ̀ ni. Ó ti tó ọdún méjì tó jẹ́ pé bí mo bá wúkọ́, ó dà; bí mo bá sín, ó dà; bí mo bá rẹ́rìn-ín, kí n yáa máa wá ìró mìíràn ni. Wákàtí márùn-ún sì ni ọkọ̀ ń rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣé ìjókòó onímọ́tò ni kí n wá bà jẹ́?

Mo kúkú gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ohun tí à ń gbé mọ́ra torí pé a ti dàgbà, pé eré ìdárayá ló máa wò ó. Mo sáré padà sílé lọ wọ bàtà kanfáàsì tó o fi ń sáré nílé ìwé. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ó ní kí n fún abẹ́ mi pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, kí n má sé èémí, kí n kà dé ẹ̀wá, kí n tú u sílẹ̀, kí n ṣe é nígbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ó ní bí ìtọ̀ bá sì ń pè mí, kí n má máa sáré dá a lóhùn, ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni, kí n jẹ́ kó dúró díẹ̀.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù tí màá máa kọ iye ìgbà tí mo bá tọ̀ sí, àti iye ìgbà tó bá dà. Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í fi fọ́ọ̀mù ṣeré. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé e tọ ọ̀gá ilé ìwé lọ kó bá mi lu òǹtẹ̀, kí wọ́n má baà ní irọ́ ni mo pa. Ó ka ìlà mẹ́ta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó lu òǹtẹ̀. Èèyàn dáadáa ni.

Nọ́ọ̀sì tún ṣe aago sínú fóònù tó o rà fún mi, kó máa dún bí àkókò bá tó. Bó bá ti dún, mo máa ń gbé e sórí tábìlì, mo máa ń wé gèlè, kí n tó jókòó síwájú rẹ̀ kó lè rí i pé mo ń ṣe é. Bàbá rẹ á wo bí ojú mi ṣe le, wọ́n á máa bi mí pé kí làwọn tún ṣe. N kì í lè dáhùn, torí mo lè ti kà dé ẹ̀fà.

Lọ́jọ́ tí mo lọ sí báǹkì, irú aago tèmi gan-an ló dún lápò géńdé tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sún mọ́ ọn, mo ní kó má tijú, kó rọra fún un pọ̀, kó kà dé ẹ̀wá, pé èmi náà wà nínú rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi kíá, kò tilẹ̀ yẹ báàgì mi wò.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá rèé. Lánàá, bàbá rẹ dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n ní ọ̀gá sọ pé láti ìgbà tí òun ti ń lu òǹtẹ̀, ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí òun máa jẹ́rìí sí nìyẹn, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má gbé ti ewúrẹ́ wọn wá. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di àga mú. Ìgbà náà ni mo rántí. Mo fọwọ́ kan ìró mi. Ó gbẹ táútáú. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n kàn ń wò mí. Wọ́n ní ó ti tó ọdún méjì táwọn ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn, pé àwọn rò pé ẹ̀fẹ̀ àwọn ni kò dùn mọ́.

Nítorí náà, mò ń bọ̀ ní Sátidé. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kó o sì fi ti bàtà kanfáàsì kún un, torí tìrẹ ń há mi lẹ́sẹ̀, n kò sì fẹ́ kí nọ́ọ̀sì ọ̀dọ̀ yín rò pé n kò múra eré ìdárayá. Ìwọ náà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bi wọ́n léèrè bóyá o ti lè bẹ̀rẹ̀ tìrẹ. A óò jọ máa ṣe é lórí àga, ọkọ rẹ kò ní mọ̀.

Ohun tó yẹ kó dúró tì ọ́, á dúró. Èyí tó bá yẹ kó lọ, á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ní àkókò rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ, tí kò tíì dìde lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.