Mo Ń Ta Wáyà, N Kò Mọ Ohun Tí Nọ́ńbà Ara Rẹ̀ Wà Fún

Mása mẹ́wàá, àkàrà ìrẹsì yẹn, ẹgbẹ̀rún méjì náírà, lọ́wọ́ obìnrin tó ń dín in níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ibo Road. Owó ilé-ìwé mi nìyẹn o. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ta wáyà iná, mása mẹ́wàá ni mo fi ra ohun tó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́ kìíní... Ẹ̀yin èèyàn inú péèjì yìí, ẹ bá mi dá sí i, tí ẹ bá sì dá mi mọ̀, ẹ má dárúkọ mi, orí mi ti fẹ́ dàrú.

Aṣọ ni mò ń tà tẹ́lẹ̀ nínú Ọjà Sabon Gari. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo fi aṣọ sílẹ̀, mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù wáyà rẹ̀, kò sí ẹni tó kọ́ mi ní nǹkan kan. Mo rí 1.5, mo rí 2.5, mo rí 4 lára wáyà, mo rí i pé bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni owó ń ga, mo ní áà, ó ti yé mi, bíi léèsì ni... léèsì olówó ńlá wà, ti mẹ̀kúnnù wà, ṣebí gbogbo rẹ̀ ló ń bo ìhòòhò? Ta ni mo fẹ́ bi? Èmi tí ẹnu mi mú bí abẹ! Tí oníbàárà bá bi mí pé kí ni nọ́ńbà yìí, màá ní nọ́ńbà fóònù wáyà ni, ẹ pè é wò bóyá á gbé e. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, oníbàárà á sanwó, á lọ. Bí mo ṣe ń fi ẹ̀rín bo àìmọ̀ mi nìyẹn, mo sì ń gbádùn rẹ̀, kí n má parọ́.

Alhaja kan wà, a jọ ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, àwọn ni wọ́n bá mi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ nígbà tí mo di opó, wọ́n ju ẹ̀gbọ́n lọ sí mi. Wọ́n kọ́lé sí Hotoro. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n mú ìwé tí oníṣẹ́ iná wọn kọ wá, ó ní kí wọ́n ra wáyà 4 fún AC àti hítà omi. Mo wo ìwé náà, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní Alhaja, ṣé gómìnà fẹ́ wá sùn lọ́dọ̀ yín ni? Iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá, ẹ mú 1.5, ẹ fi ìyókù ra súgà. Wọ́n gbà, wọ́n tún ṣàdúrà fún mi. Oníṣẹ́ iná ní wáyà yìí tín-ín-rín jù, Alhaja ní èmi ni mo sọ pé ó dára... ó ní tó bá jẹ́ Madam Ibo Road ló sọ bẹ́ẹ̀, ó dáa. Ó dáa! Ó fà á sínú ògiri, wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n kùn ún, wọ́n lẹ táìlì mọ́ ọn.

Sátidé tó kọjá ni bàbá àgbàlagbà kan bi mí pé kí ni nọ́ńbà ara wáyà wà fún, mo fi yẹ̀yẹ́ nọ́ńbà fóònù mi dá wọn lóhùn, ẹ̀rín sọ, bàbá ò bínú, bàbá ò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Ọmọ mi, n kò mọ̀ ni mo ṣe béèrè.” Wọ́n dúró, wọ́n ń retí ìdáhùn. Mo ní irú èyí tí wọ́n ń wá ti tán. Bí wọ́n ṣe lọ, mo ra mása, mo gbé e fún Málàm Garba, oníṣẹ́ iná tó máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi dúró de iṣẹ́. N kò lè bi í tààrà, mo purọ́ pé obìnrin kan wà ní òpópónà kejì tó ń ta wáyà, tí kò mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà ara rẹ̀. Málàm rẹ́rìn-ín títí mása fi fẹ́ẹ́ há a lọ́fun. “Haba, Madam! Obìnrin yẹn á jó ilé onílé!” Ó ní bí wáyà ṣe sanra tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ó ní wáyà tín-ín-rín tó ń gbé hítà dà bí alàárù tí wọ́n di ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lé lórí, á kàn máa gbóná nínú ògiri, á máa gbóná, títí iná á fi ràn. Mo bá a fi obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín gan-an ni... omi ń bọ́ lójú mi, ó rò pé ẹ̀rín ló fà á.

Túsìdé la wà yìí. Jímọ̀ ni Alhaja ń kó wọlé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn mẹ́rin, ọyẹ́ ti dé, hítà ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè wọ́n, tí wọ́n bá gbé e, màá béèrè àlàáfíà, màá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, màá gé e. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á fọ́ táìlì, wọ́n á tú ògiri, gbogbo àwọn tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní Sabon Gari á gbọ́, ta ló tún máa ra wáyà lọ́wọ́ mi? Tí n kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ńkọ́? Ṣé kí n ní ayédèrú wáyà ni wọ́n kó fún mi, kí n fi pààrọ̀ rẹ̀? Ṣé kí n rán Málàm lọ? Àbí kí n lọ kúnlẹ̀, kí n ní Alhaja, n kò mọ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Jímọ̀ tó pé, ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, èmi náà ti bú èèyàn tó. Mo yẹ ìwé wò lánàá, èrè tí mo jẹ lórí gbogbo wáyà tó wà nínú ògiri Alhaja... ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé igba náírà.