Àwọn Fíìmù Tí Kò Ní Ojú Ènìyàn

Bàbá Ọmọ́tárá, ọdún kẹfà pé lónìí tí a gbé yín dé itẹ́ òkú ìjọ, tí a sì padà sílé láìsí yín. Lọ́dọọdún, Obadiah àbúrò yín ni ó máa ń kọ ìrántí yín sínú ìwé ìròyìn ìjọ. Lọ́dún yìí, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo ṣẹ̀ yín lẹ́yìn tí ẹ lọ, n kò sì tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. A ti parí yàrá méjì ẹ̀yìn, páànù tuntun sì ti bo ibi tó ń jò. Ọmọ́tárá ti jáde ní Pólì. Òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù yín láràárọ̀. Kámẹ́rà tirẹ̀ kì í lo fíìmù, ṣùgbọ́n aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí ẹ ta sára ògiri ṣì wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń jókòó síwájú rẹ̀. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ìrora orúnkún ọ̀tún mi ni kò tíì gbà láti fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ méjì ni ẹ ń ṣe nígbà ayé yín. Ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ ti ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti àwọn ìbejì tí wọ́n ń gbé wá láti Igbó-Ọrà. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi jẹ́ tiyín. Ẹ ó rìn létí odò Òfìkì, ẹ ó máa ya omi, àpáta, àti igi tó tẹ̀ sínú omi. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn láti ya òpó Màpó àti àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, ẹ ó sì ti ibẹ̀ lọ ya òkun ní Àgbádárìgì. Sàrátù tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù a máa bi yín bóyá òkun ti wá gba fọ́tò rẹ̀. Ẹ ó ní ó ṣì wà lọ́nà. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, àfi èmi. Ìgbà púpọ̀ ni ẹ ní kí n bá yín lọ. Mo ní mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ.

Nígbà tí a ṣe ọjọ́ kẹjọ yín tán, èmi àti Àǹtí Ìbílọlá, ẹ̀gbọ́n yín, kó yàrá òkùnkùn tí ẹ ti ń fọ fọ́tò. Ní ìlú wa, bí àgbàlagbà bá kú, ilé onífọ́tò ni àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ, kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀ tẹ̀ sára ìwé ìsìnkú. A mọ̀ pé wọn yóò máa wá. Nítorí náà, a ń gbé fíìmù kọ̀ọ̀kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Èyí tó bá ní ojú ènìyàn, a fi pamọ́ fún àwọn tó ni ín. Èyí tí kò bá ní, a kà á sí èyí tó bàjẹ́.

Àǹtí a máa bi mí pé, “Ìyàwó, ṣé ẹnì kankan wà nínú eléyìí?”

Mo ní, “Kò sí, mà.”

Páálí méjì ni a sun lẹ́yìnkùlé.

N kò ní purọ́ fún yín. Àwọn àkọ́kọ́, n kò mọ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba àárín fíìmù kọjá láti eteetí dé eteetí, mo sì mọ̀ pé òkun ni. Mo ṣì ní kò sí ẹnì kankan. Mo ń bínú sí gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tí mo fi dá nìkan wà nílé.

Ní ọdún kẹta, òjò wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì míṣọ́n tí àwọn òyìnbó ìjọ kọ́ láyé àtijọ́. Ìjọ fẹ́ tún un kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, Obadiah sì wá béèrè fọ́tò rẹ̀ tí ẹ yà. Mo ní n kò mọ ibi tí ẹ fi í sí, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ó ti bá iná lọ. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sì jọ ti àtijọ́ rárá.

Oṣù kẹta ọdún yìí ni mo tó sọ òótọ́ fún Ọmọ́tárá. Ó ní, “Màmá, èènì ńkọ́?”

Mo ti gbàgbé èènì! Ẹni tó bá ya fọ́tò ìgbéyàwó lọ́dọ̀ yín, ẹ ó fi fọ́tò odò tàbí ti ilé kan lé e nínú àpòòwé rẹ̀, bí àwọn onígàrí ṣe ń bu díẹ̀ sí i fún oníbàárà. Àwọn yẹn kò sí nínú iná.

Láti ìgbà náà ni èmi àti ọmọ yín ti ń gun ọ̀kadà láti Èrúwà dé Tápà, láti abà dé abà. Ní abà kan lẹ́yìn Tápà, Hàkímù àgbẹ̀ fi òkun yín kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí. Òun fúnra rẹ̀ kò dé etí òkun rí. Ó kọ̀ kí a mú un lọ, ó ní bí òkun bá kúrò ní yàrá òun, kí ni òun yóò máa fi han àlejò? Ọmọ́tárá yà á níbi tó wà. Abẹ́ aṣọ nínú àpótí Hàlímọ̀, oníbàárà yín àtijọ́ kan, ni a ti rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì míṣọ́n, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ àti fèrèsé onígi mẹ́jọ.

Mo gbé e lọ fún Obadiah, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Ó wo fọ́tò náà títí. Kò bá mi wí. Ó ní òun kọ́ ni mo ṣẹ̀, kí n kọ ọ́ sí ẹni tí mo ṣẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a ti rí. Mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń gbìyànjú láti mọ ibi tí ẹ dúró sí nígbà tí ẹ yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ni a kò ní rí mọ́ láéláé, ọwọ́ mi ni wọ́n sì ti bọ́. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní ilẹ̀ Ìbàràpá, bí èènì Malachi Bámiṣẹ́ bá wà nínú àpótí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a wá wò ó. A kò ní gbà á lọ́wọ́ yín.

Ọkọ mi, mo fẹ́ràn yín. N kò sọ ọ́ tó nígbà tí etí yín ń gbọ́. Ọdún mẹ́fà kò tíì mú un rọrùn láti gbé láìsí yín.

Keturah, aya yín.