Ohun Tí Mo Fojú Rí Lára Pásítọ̀ Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ilé rẹ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ọ̀gá rẹ tó ń jẹ́ kí o tètè délé, bí kò bá sì jẹ́ kí o tètè délé, mo ṣì kí i, Ọlọ́run yóò bá wa rọ ọkàn rẹ̀. Ṣé ara ti le? Ikọ́ tí o ń hú nínú fóònù lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà mí, mo sì fi aṣọ tútù nu fóònù náà dáadáa kó má baà ran bàbá rẹ. O ò ní ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbé ọ lọ síbi tí orí rẹ ò sí. Ohun tí o bá fi ọwọ́ ọ̀tún mú, ọwọ́ òsì ò ní já a gbà. Àmín.

Àwa náà wà, a ń dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpẹ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu mọ́. Ìbàdí bàbá rẹ ṣì ń dùn wọ́n, gbogbo búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ìgbà èwe gbé ló ń gbẹ̀san. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, a gbé bokití síbẹ̀, òjò sì ti mọ bokití náà débi pé kì í tàsé rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń rán díẹ̀, ó ń fo díẹ̀, bí ẹni tí eyín iwájú ti yọ lẹ́nu rẹ̀ tó ń fi èyí tó kù gé òwú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrùlé ló mú mi jókòó kọ̀wé, ọ̀rọ̀ Pásítọ̀ wa ni.

O mọ̀ wọ́n, àwọn náà ni wọ́n so ẹ̀gbọ́n rẹ pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀, tí ìyàwó wọn kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n ń dá gbé inú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti ju oṣù mẹ́ta lọ báyìí tí fóònù bàbá rẹ dún, tí àwòrán kan jáde, orúkọ rẹ ló sì wà lókè. Pásítọ̀ ni wọ́n dúró níwájú ilé ìtura kan, wọ́n di ọwọ́ obìnrin kan mú, ẹ̀yìn obìnrin náà nìkan la rí. O kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ pé kí a ṣọ́ra, pé a ò mọ irú ẹni tó ń gbé ọwọ́ lé wa lórí.

Mo bi bàbá rẹ pé ṣé ọmọ wa ló ya àwòrán náà. Wọ́n ní rárá, ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́ sí ọ, pé ọfà kéékèèké méjì tó wà lókè rẹ̀ ló fi hàn pé ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá. Mo ní nǹkan tó bá gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, ṣé kì í dọ̀tí ni? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní ó ti wọ inú ẹgbẹ́ ìjọ lórí fóònù, pé èèyàn tó lé ní igba ti ń wò ó báyìí. Mo dìde, mo lọ yọjú sójú ọ̀nà, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan. Mo rò ó pé igba èèyàn, ta ló san owó ọkọ̀ wọn, ibo ni wọ́n jókòó sí? Ìgbà tó yá ló tó yé mi pé kò sí ẹni tó rìn, pé inú ilé ara rẹ̀ ni oníkálukú jókòó sí tó ti ń ju òkúta.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, àga iwájú ṣófo. Pásítọ̀ wàásù, ohùn wọn ń lọ kan ògiri, ó ń padà wá bá wọn. Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti máa ń ṣe láti bọ̀ wá lọ́wọ́, àwọn èèyàn bá yà sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn tí a ti kan pákó mọ́ láti ìgbà tí ìdè rẹ̀ ti já. Wọ́n tú pákó náà, ọmọ mi, kí wọ́n má baà fọwọ́ kan ọwọ́ èèyàn. Èmi gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Ọwọ́ wọn tutù bí irin. Wọ́n di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

Ṣùgbọ́n má rò pé mo dára ju àwọn yòókù lọ. Kí n tó dìde lórí àga lọ́jọ́ náà, mo ti wo ẹ̀yìn gbogbo obìnrin inú ìjọ tán. Télọ̀ ni mí, ẹ̀yìn ni iṣẹ́ mi.

Bóyá ohun tó mú kí Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn. Akọ̀wé ìjọ wa ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àbúrò ni sí mi, èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì. Ó gbé fóònù sórí tábìlì ìgéṣọ mi, ó ní Màmá, gbogbo obìnrin ìjọ yìí lẹ ti rán aṣọ fún, ẹ wo aṣọ yìí, ta ló ni ín? Mo ní mi ò rí i dáadáa. Ó bá fi ìka méjì fa àwòrán náà, obìnrin náà sì sanra lójú mi. Mo ní Tíṣà, fi í sílẹ̀, kó o tó mọ orúkọ rẹ̀ o ti ń fún un ní ara tí kò ní. Mo wo ojú rírán náà, kì í ṣe tèmi, èmi kì í fi síìpù sí ẹ̀yìn kó yọ orí síta bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní mo ń bo ẹnì kan. Mo ní èmi kọ́ ni télọ̀ kan ṣoṣo láyé. Ó gbé fóònù rẹ̀, kò sì kí mi kó tó lọ.

Kò pẹ́ tí fọ́ọ̀mù fi dé láti olú ìjọ, wọ́n fẹ́ fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Fọ́ọ̀mù yẹn, ọmọ mi, ó le ju ìdánwò lọ. Wọ́n bèèrè ọjọ́ orí, wọ́n bèèrè iṣẹ́, ìbéèrè kẹta wá ni pé kí ni o fi ojú ara rẹ rí lára òjíṣẹ́ Ọlọ́run yìí. Tíṣà ní kí gbogbo wa kọ ọ́ pé a rí i pẹ̀lú obìnrin níwájú ilé ìtura. Mo ní fóònù ló rí ìyẹn, kí wọ́n fún fóònù ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn. Mo kọ ọ́ pé mo ti ń tún ṣòkòtò Pásítọ̀ ṣe fún ọdún mọ́kànlá, pé ìdí ni ṣòkòtò àwọn ọkùnrin yòókù ti máa ń gbó, tiwọn, orúnkún ni. Mo kọ ọ́ pé lọ́dún tí wọ́n la ikùn bàbá rẹ, mo sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn lọ́sàn-án gangan, nígbà tí mo lajú, Pásítọ̀ ni mo rí tí wọ́n gbé ike ìtọ̀ bàbá rẹ dání, tí wọ́n ń rọra lọ dà á nù, kí n má baà jí. Mo kọ ọ́ pé mo rí i tí wọ́n bínú lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n pariwo mọ́ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹjọ́ obìnrin náà kọ́, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n tó tọrọ àforíjì, ìyẹn náà ò sì dáa. Ní ti ilé ìtura, mo kọ ọ́ pé mi ò sí níbẹ̀, mi ò mọ̀.

Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ò tó. Ṣùgbọ́n àyè ńlá kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ sí pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ gidi ni, mo bá kọ̀wé kún un.

Tíṣà ka fọ́ọ̀mù mi sókè nínú ìpàdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ní orúnkún ṣòkòtò lè gbó nítorí nǹkan míì, ẹ̀rín náà wá pọ̀ sí i. Mo wo bàbá rẹ, wọ́n ń wo bàtà wọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn náà ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé àwọn rí i. Nígbà tí a délé, mi ò bá wọn jà. Mo kàn bi wọ́n pé ta ló gbé ike yẹn dà nù. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ilé wa di ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́. Ilé tí èèyàn méjì ń gbé tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó tutù ju ilé tí èèyàn kan ń gbé lọ.

Lẹ́yìn náà ni àgbà mẹ́ta wá láti olú ìjọ. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹni tó mọ obìnrin náà, àwọn ò rí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà, àwọn ò rí ẹni tó wà níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Inú mi dùn. Wọ́n wá ní ṣùgbọ́n kí àlàáfíà lè wà, àwọn máa gbé Pásítọ̀ lọ sí ìjọ kékeré kan tó jìnnà. Mo dìde, mo ní bí ẹ ò bá rí ẹ̀ṣẹ̀, kí lẹ ń jẹ wọ́n níyà fún? Àgbà inú wọn ní kì í ṣe ìyà, ìgbékúrò ni. Mo jókòó. Irú èdè yẹn ju tèmi lọ.

Ọjọ́ tí Pásítọ̀ máa lọ, wọ́n ti kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ tán kí wọ́n tó wá gba ṣòkòtò kan tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Wọ́n ti rù, kọ́là ọrùn wọn lè gba ọrùn ẹni méjì. Wọ́n ní Màmá, nínú gbogbo ìjọ, ẹ̀yin nìkan lẹ ò bi mí. Mo ní kí ni mo fẹ́ bèèrè? Wọ́n ní Màmá, obìnrin tó wà nínú àwòrán yẹn. Ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ kí ariwo rẹ̀ bo ọ̀rọ̀ náà. Mo ní Pásítọ̀, ẹ má sọ ọ́, mi ò fẹ́ àlàyé, láìsí àlàyé ni mo fi gbà yín gbọ́. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tó ń tẹ ẹ̀rọ, kò sì sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ẹ ṣeun, wọ́n gba ṣòkòtò, wọ́n lọ. Èmi àti obìnrin tó ń gbálẹ̀ nìkan la juwọ́ sí wọn.

Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Títí mo fi jẹun tán ni mo rò bẹ́ẹ̀. Àfi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà lójú mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkùnrin yẹn fi gbé nǹkan kan sínú, ó wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún, ó rí mi, mo fi ariwo ẹ̀rọ dí i lẹ́nu. Bóyá àbúrò wọn ni obìnrin náà. Bóyá ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ni. Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ gan-an ni wọ́n dá, tí wọ́n fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnì kan tí kò ní ju òkúta. Mi ò mọ̀. Gbogbo ìjọ dá wọn lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu wọn, èmi dá wọn láre láìgbọ́ tẹnu wọn, nínú gbogbo wa, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbọ́. A gbọ́ pé ara wọn ò le níbi tí wọ́n wà, pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde.

Mo fẹ́ lọ bá wọn. Mo fẹ́ lọ jókòó níbi tí kò sí ẹ̀rọ, kí n ní Pásítọ̀, ẹ máa wí. Mo mú káàdì tí o ṣe fún mi lọ sí báǹkì. Ẹ̀rọ ara ògiri yẹn ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àṣírí, mo ké e sókè kó lè gbọ́ dáadáa, àwọn tó wà lẹ́yìn mi pariwo, ọkàn mi dàrú, mo tẹ ohun tí mi ò mọ̀, ó gbé káàdì náà mì. Ọmọbìnrin inú báǹkì ní kí n kọ fọ́ọ̀mù. Mo ní ẹ̀rù fọ́ọ̀mù ń bà mí, mo sì wálé.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ̀ ọ́. Àkọ́kọ́, àwòrán yẹn, ẹni tí o bá rán an sí yàtọ̀ sí wa, bá mi pè é padà. Bàbá rẹ ní kò ṣeé pè padà. Bí kò bá ṣeé pè padà, kọ ọ̀rọ̀ míì tẹ̀lé e, kí o sọ pé o ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kì í pa ẹni tó bá sọ ọ́. Mi ò bínú sí ọ, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé nítorí tiwa ni ẹ̀rù fi bà ọ́.

Ìkejì, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Fi rán ẹni tó ní ẹsẹ̀, má fi rán ẹ̀rọ. Mo ti kọ ọ́ pé owó ọkọ̀ ẹnì kan, àfi bí bàbá rẹ ṣe wá dúró sẹ́yìn mi, tí wọ́n ka ìwé yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n wá ní kí n pa ẹnì kan rẹ́, kí n kọ ẹni méjì. Mo ní ìbàdí yín ńkọ́? Wọ́n ní ìbàdí náà á bá àwọn wọ ọkọ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o wà láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn kí o má rí ẹni tó máa gbọ́ ọ. Kí ó fún ọ ní etí tó ní sùúrù àti ẹnu tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ilé rẹ ò ní tutù.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ. Bàbá rẹ náà wà níbí, wọ́n kí ọ.