Alàgbà Adétúnjí Ilésanmí, Bíríkìlà Tó Fi Ìpín Tirẹ̀ Ṣe Ìkẹyìn

Ní ọdún 1908, ní agboolé Alápó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni Ọlọ́run fi Bàbá wa ta Ilésanmí Àgbẹ̀ àti Ọ̀dúnọlá aya rẹ̀ lọ́rẹ. Ọdún mẹ́ta péré ni Bàbá lò nílé ìwé. Bíbélì ni wọ́n fi kọ́ ìwé kíkà tó kù. Wọ́n gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà ní 1928, wọ́n dé Port Harcourt ní 1934, wọ́n sì fẹ́ Màmá wa, Àkànkẹ́, ní 1936.

A kò ní tìtorí òkú purọ́: Bàbá le. Bí búlọ́ọ̀kù kan bá yẹ̀ díẹ̀ lórí ìlà, wọn yóò ní kí a tú u, bí òjò tilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í rán ènìyàn níṣẹ́ tí wọn kò lè ṣe fúnra wọn. Nígbà tí ìjọ wa ní Borokiri, ní Port Harcourt níbẹ̀, fi wọ́n ṣe olórí iṣẹ́ ilé Ọlọ́run ní oṣù kìíní 1967, ìwé Nehemáyà ni wọ́n ṣí, níbi tí kálukú ti mọ ìpín tirẹ̀ lára ògiri ìlú. Wọ́n pín ògiri fún ìdílé mẹ́rìnlá, wọ́n sì mú ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, fún ara wọn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìpín ẹlòmíràn.

Ogun rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, a kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ògiri kò tíì ga ju fèrèsé lọ. Jálẹ̀ ọdún kan àti ààbọ̀, Bàbá kò gba iṣẹ́ ńlá kankan. Wọ́n ní ẹnu iṣẹ́ Olúwa làwọn ṣì wà. Nígbà tí a padà ní oṣù kìíní 1969, Dagogo, apẹja tó múlé ti ìjọ, ti fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí gbogbo ògiri kí òjò má baà bà á jẹ́. “Papa, your wall dey wait you,” ló wí. Bàbá sunkún lójú gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́fà kò padà. Ìpín wọn kò ga ju orúnkún lọ, páànù kò sì ṣeé gbé sórí ògiri tó láfo. Síbẹ̀, Bàbá kò yẹ òfin wọn. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi dúró de àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà. Imọ̀ ọ̀pẹ jẹrà, ògiri tó ti ga bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Màmá ló ṣí Nehemáyà kan náà, orí kẹta, síwájú wọn: àwọn ará Tékóà mọ ìpín tiwọn tán, wọ́n tún mọ òmíràn. Bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Bàbá dìde nínú ìjọ, wọ́n ní òfin àwọn ló fẹ́ wó ilé Ọlọ́run, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Bàbá ló kọ́kọ́ mú ìpín kejì. Dagogo mú ọ̀kan, àwọn yòókù sì tẹ̀lé wọn. Bàbá fi ìka kọ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan tí kò sí nílé sára sìmẹ́ǹtì tútù ní ìpín rẹ̀. A kan páànù ní oṣù kẹsàn-án 1970. Ìdílé méjì ti dé báyìí, wọ́n sì ti rí orúkọ wọn.

Bàbá sùn ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá 1970, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Wọ́n fi Màmá wa sáyé, àti àwa ọmọ wọn, Àríyọ̀, Adébóyè àti Boma, tí ìyá Dagogo sọ lórúkọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ kejì ni a ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà nìkan ni a kò tíì rẹ́ nínú gbogbo ilé náà. Ìpín Bàbá ni. Ti ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣe tí ọwọ́ wọn kò fi kàn án. Ẹbí ń bẹ̀ yín: lẹ́yìn ìsìnkú, kí ẹni tó bá lágbára bu sìmẹ́ǹtì díẹ̀, kó rẹ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé. Bàbá ti mú òfin yẹn kúrò. Ẹ lè fọwọ́ kan ìpín wọn.

Bàbá, ẹ ṣan ọwọ́ yín. Ẹ sùn re o.