Ta Ló Ní Ara Bàbá Le?

Yàrá Kẹrìnlá,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá.

Aláròyé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé gbogbo ilé wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn? Àbúrò rẹ tó ń wúkọ́ nígbà tí mò ń bọ̀, ṣé ikọ́ náà ti lọ? Mo bẹ̀ ọ́, nígbà tí o bá ń fèsì, má kọ “a dúpẹ́” sí mi. Bí nǹkan bá ń dùn yín, kọ ọ́ pé ó ń dùn yín. Inú ló ń bí mi tí ìkíni mi fi rí báyìí, kì í ṣe ìwọ lo ṣẹ̀ mí. Jókòó, kí o gbọ́ ọ.

O rántí lẹ́tà tí mo kọ sílé lóṣù tó kọjá, tí mo sọ pé odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò láìgbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí, àfi olùkọ́ tó ń ka orúkọ nínú ìwé, tí òun náà ò sì pè é dáadáa. O mọ̀ pé n kì í lè kọ́kọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Èrò mi ni pé ẹ ó kà á, ẹ ó ṣàánú mi díẹ̀, yóò sì parí síbẹ̀. Àṣé Bàbá ti ká lẹ́tà náà sínú àpò àyà ẹ̀wù wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ṣílẹ̀kùn, mo sì bá Bàbá fúnra wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ mi láti ọmọ ọdún mẹ́rin, lẹ́nu ọ̀nà, àpò sójà wọn àtijọ́ lọ́wọ́, wọ́n dúró ṣánṣán bíi pé ọ̀gágun fẹ́ kọjá. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, “Adákẹ́, àwọn wo ni ò kí ọ níbí? Nawọ́ sí wọn kí n rí wọn.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì wọn ti wú. O mọ ẹsẹ̀ náà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Àfọ́kù irin bọ́ǹbù tó wọlé síbẹ̀ lójú ogun, lókè àwọn ọmọ ìka, kò jáde tán, ojú ọgbẹ́ náà sì máa ń là padà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Nílé, ọ̀rọ̀ náà kì í gba wàhálà. Bàbá á fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn àwọn sójà, nọ́ọ̀sì á fọ ọgbẹ́, á gún wọn lábẹ́rẹ́, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná wọ́n ti padà dé. Ikọ́ wọn lásán ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń dá wọn mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, ọgbẹ́ náà ti ń rùn. Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn àwọn sójà tó wà nílùú yìí. A kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà pé: ẸNI TÓ JÀ FÚN WA, TIWA NI. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀, òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì wà lẹ́yìn gíláàsì kan tí wọ́n lu ihò roboto sí. Ihò náà rẹlẹ̀ débi pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó wọlé. Mo wò ó títí. Gbogbo àwọn tó jagun ló ń tẹ̀ríba fún ẹni tí kò jà rí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹni náà sọ fún pé kó dìde.

“Bàbá, fáìlì yín dà?”

“Ó wà nílé ìwòsàn tiwa lọ́hùn-ún.”

“Ẹ lọ bá a níbẹ̀.”

“Ọmọ mi, ìrìn ọjọ́ méjì ni.”

“Kí ẹ tó kúrò nílé ló yẹ kí wọ́n ti fún yín ní ìwé ìyọ̀ǹda pé ẹ fẹ́ rìnrìn àjò. Láìsí i, pàjáwìrì nìkan là ń gbà.”

“Ẹ má bínú,” Bàbá ní, “ẹsẹ̀ yìí ò sọ fún mi kí a tó gbéra.”

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká lọ jókòó, pé nọ́ọ̀sì ni yóò sọ bóyá pàjáwìrì ni.

Aláròyé, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìwé lọ́wọ́, kò tilẹ̀ sún mọ́ wa. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Ṣé ara le?” Bàbá gbé àyà sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, “Ara le, ọmọ mi, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìwọ náà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?” Ó ní wọ́n wà. Ó sì kọ nǹkan sínú ìwé. Ìwé náà dorí kodò sí mi, ṣùgbọ́n mo kà á: *Aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun le. Kì í ṣe pàjáwìrì.*

Mo rí i, mo sì dákẹ́. Èmi tí imú mi ń gbóòórùn ẹsẹ̀ náà! Mo ní bóyá àṣìṣe ni, bóyá ẹlòmíràn máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ká máa lọ, mo sì di Bàbá lápá mú, a lọ. Ìbínú tí mo ní sí wọn kò tó èyí tí mo ní sí ara mi lọ́jọ́ yẹn.

Mo fóònù ilé ìwòsàn tiwa. Ẹni tó ń kọ ìwé ìyọ̀ǹda ní ó rọrùn, pé kí ẹni tó ni fáìlì wá fọwọ́ sí i. Mo ní ẹni náà ò sí nílé, ìdí tí a fi ń béèrè ìwé nìyẹn. Ó ní, “Ó dáa, bó bá ti dé, kó wá.” Gbọ́ mi o! Kí aláìsàn rìn fún ọjọ́ méjì padà sílé, kó lọ gba ìwé pé ó lè rìn wá síbi tó ti kúrò.

Ní ọjọ́ kẹrin, ara Bàbá gbóná bí ààrò, wọ́n sì ń pè mí ní orúkọ màmá mi. A padà lọ. Gíláàsì náà rèé, ihò náà rèé, nọ́ọ̀sì kan náà ló tún yọjú. “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ jí dáadáa?” Ètè Bàbá ti gbẹ, síbẹ̀ wọ́n ní, “Dáadáa ni, a dúpẹ́.” Mo rí i tí bírò kan ìwé.

N kò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo pariwo pé, “Ẹ má kọ ọ́! Wọ́n kí yín ni, wọn ò dá yín lóhùn!”

Akọ̀wé gbé ẹnu sún mọ́ ihò rẹ̀. “Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ, ọmọbìnrin. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́.”

“Ẹ̀yin náà ní bàbá nílé,” mo ní. “Bí wọ́n bá ní àwọn dúpẹ́, ṣé ẹ kì í wo ojú wọn?”

Bàbá kan tó gbé ọ̀pá sórí itan ní, “Tú u, ọmọ. Tú ẹsẹ̀ náà kí wọ́n rí i.” Òmíràn ní, “Nígbà tí wọ́n ń kó wa lọ sójú ogun, tá a ò mọ ibi tá à ń lọ, ta ló béèrè ìwé ìyọ̀ǹda?” Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, mo tú aṣọ tí a fi di ọgbẹ́. Òórùn náà kún gbogbo gbọ̀ngàn. Dókítà kan, ọkùnrin kúkúrú tó wọ bàtà rọ́bà, ló bá ariwo jáde. Ó wo ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. “Ta ló kọ ọ́ pé kì í ṣe pàjáwìrì?” Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí Bàbá. Bàbá ló nawọ́ sí!

Ọmọ ìka méjì ni wọ́n gé. Dókítà ní bí a bá tún fi ọjọ́ kan pẹ́ sí i, orúnkún ni òun ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì rí dókítà lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ lọ, n kò rò pé wọn ì bá gé ohunkóhun. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé Bàbá bínú sí mi. Wọ́n ní mo tú àwọn síhòòhò lójú àwọn ẹgbẹ́ àwọn. “Ọmọ èèyàn kí mi, ṣé kí n má dáhùn ni?” Ẹni tó yẹ kó fèsì ni nọ́ọ̀sì yẹn. Èdè kan náà la jọ ń sọ. Ó mọ̀ pé “a dúpẹ́” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni. Ó mọ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ó dín iṣẹ́ kan kù.

Wọn ò tíì tán o. Wọ́n ní bí ìwé ìyọ̀ǹda ò bá dé láàárín ọjọ́ méje, wọn á yọ Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdí rèé tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ìwé tí Bàbá fọwọ́ sí, pé kí o bá àwọn gba ìyọ̀ǹda náà, wà nínú àpòòwé kan náà. Bá mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tiwa lọ́jọ́ tó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má kúrò níwájú tábìlì wọn títí wọn yóò fi kọ ọ́, kí o sì fi rán awakọ̀ náà padà. Gbogbo ọdún tí àwọn èèyàn fi ń ní ẹnu rẹ ti pọ̀ jù, ọjọ́ òní ni Ọlọ́run ń dá a sí fún. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo dé, sọ pé rárá.

Ní òwúrọ̀ yìí, dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Bàbá, ṣé ara le?” Bàbá ya ẹnu, wọ́n wò mí. Wọ́n wo bírò ọwọ́ dókítà. Wọ́n ní, “Kò le o. Ó ń dùn mí gan-an.” Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá dúró kó kọ ọ́ tán, wọ́n wá rọra ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́, àwọn ará ilé?”

Bá mi kí Màmá rẹ, kí o sì kí ìyàwó Bàbá. Má fi ọ̀rọ̀ ọmọ ìka pamọ́ fún wọn, sọ ọ́ bó ṣe rí.

Èmi ni tìrẹ, tí ara rẹ̀ ò le,
Adákẹ́ tó ti sọ̀rọ̀.